Àyànmọ́ Kọ́: Òmìnira àti Ẹ̀bi nínú Ó Le Kú

Bí a bá bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè pé ta ló fa wàhálà Àjàní nínú Ó Le Kú, ìdáhùn tó máa ń yá wọn lẹ́nu ni pé àyànmọ́ rẹ̀ ni. Ìdáhùn náà rọrùn, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà.

Ọdún 1974 ni ìwé ìtàn-àròsọ Akínwùmí Ìṣọ̀lá yìí jáde. Túndé Kèlání sì sọ ọ́ di fíìmù ní 1997. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn ni Àjàní. Ìyá rẹ̀ ń fẹ́ kí ó mú ìyàwó wálé. Àṣàkẹ́ wà níbẹ̀, Lọlá wà níbẹ̀, Ṣadé náà kò gbẹ́yìn. Kò sí babaláwo tó ka odù ibi sí i lórí, kò sì sí ọba tó pàṣẹ fún un. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé ó ń fi ìpinnu falẹ̀, ó ń rò pé ẹni tí kò tíì yàn kò tíì jẹ̀bi.

Èrò yìí gan-an ni Jean-Paul Sartre, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ọmọ Faransé, takò nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe ní Párì ní 1945. Lójú tirẹ̀, ènìyàn kò lè bọ́ lọ́wọ́ òmìnira: ẹni tó kọ̀ láti yàn ti yàn náà, òun ni yóò sì ru ẹrù ohun tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Àwọn kan yóò ní èrò òyìnbó nìyẹn. Òótọ́ ni pé ọ̀nà pín níbì kan: Sartre ní kò sí ohun tí a ti kọ mọ́ ènìyàn kí ó tó dáyé, Yorùbá sì gbà pé a ti yan orí lọ́run. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: àkúnlẹ̀yàn ni. Ẹni tó kúnlẹ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ yàn. Àwọn àgbà tún ní ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Nítorí náà, àṣà wa kò fi àyànmọ́ ṣe ibi ìsápamọ́ fún ọ̀lẹ.

Ìyá Àjàní ńkọ́? Lóòótọ́, ìyá ń ti ọmọ síwájú; ṣùgbọ́n ìtìsíwájú kì í ṣe ìdè. Kò sẹ́ni tó ń yàn láìsí ẹni tó ń wò ó. Ohun tó dunni jù ni pé àwọn ọmọbìnrin náà ló ń san nínú gbèsè ìlọ́ra Àjàní. Òmìnira ẹnìkan kì í mọ sí ilé ẹni nìkan.

Ní Ìjànikin, níbi tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Adéníran Ògúnsànyà ti di Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2022, ni a ti ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ lọ́la. Kí àwọn náà má ṣe gba “àyànmọ́ ni” gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn tó kún. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tọ́ka sí ojú ìwé tí Àjàní ti lè ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó sì sọ ìdí tí kò fi ṣe é. Ọmọ tó bá lè bi Àjàní ní ìbéèrè yẹn yóò lè bi ara rẹ̀ náà nígbà tó bá kàn án láti yan ọ̀rẹ́, iṣẹ́ tàbí aya.