Gbèsè Oorun

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Ṣómólú, ẹ̀yin ti Bàrígà, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ìdìbò 2027 ti wà níwájú, ẹ sì mọ bí ilé ìtẹ̀wé wa ṣe máa ń rí nírú àsìkò bẹ́ẹ̀: pósítà á gun orí pósítà, kàlẹ́ńdà ìparí ọdún á tì í lẹ́yìn, ìwé ètò ìsìnkú tí wọ́n ń fẹ́ lọ́la ò ní gbà kí wọ́n fi òun sílẹ̀, ọmọ tó yẹ kó ti na ẹ̀yìn rẹ̀ á sì wà nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Kord títí àkùkọ á fi kọ. Mi ò bá yín jà nítorí iṣẹ́. Oògùn ìṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n oògùn tí a lò kọjá ìwọ̀n, májèlé ló ń dà.

Oorun tí ẹ kò sùn, gbèsè ni, òṣómàáló sì ló ni ín. Ó lè fún ọ lọ́sẹ̀ méjì, ó lè fún ọ lóṣù kan. Ọjọ́ tó bá dé, á lóṣòó síwájú ilé rẹ, kò sì ní dìde láìgbowó. Ẹni tó jí ní aago mẹ́fà àárọ̀ tí kò tíì sùn ní mọ́kànlá alẹ́ ti lo wákàtí 17 lójúfò. Ìwádìí fi hàn pé ọwọ́ àti ojú rẹ̀ á ti máa ṣe bíi ti ẹni tó mutí. Iṣẹ́ òru ò sì tíì bẹ̀rẹ̀ o! Láàárín aago mẹ́ta sí márùn-ún ni ara máa ń tutù jù, tí ojú ń ṣú, ìgbà náà gan-an lẹ ń ki bébà bọ abẹ́ ọ̀bẹ ẹ̀rọ ìgéwèé. Ìka tí ọ̀bẹ yẹn bá mú, kò sí ilé ìtẹ̀wé tó lè tẹ òmíràn. Lọ́dún 2019, àwọn onímọ̀ jẹjẹrẹ ti àjọ ìlera àgbáyé tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ òru máa fa àrùn náà.

Àwọn kan ń jẹ obì kí wọ́n má bàa sùn. Obì tí o jẹ ní aago mẹ́rin ìdájí ṣì wà lára rẹ tí o bá dùbúlẹ̀ ní mẹ́jọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé tramadol mì kí ojú lè dá, mo bẹ̀ yín, ẹ jáwọ́.

Ẹ mú àkókò kan fún oorun, kí ẹ má yẹ̀ ẹ́, ó kéré tán wákàtí méje. Ẹ ta aṣọ dúdú tó nípọn sójú fèrèsé. Ẹ rẹjú díẹ̀ kí ẹ tó jáde nílé. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí oorun ń kùn yín, ẹ wọ ọkọ̀ èrò, ẹ má wakọ̀ fúnra yín.

Ẹ̀yin ará ilé náà, ẹ dákun: ọmọ tó ń sùn ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ má jí i pé kó lọ pọnmi, ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ kúrò lẹ́nu fèrèsé rẹ̀, ẹ rẹ rédíò sílẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá ìtẹ̀wé, ẹ pín àwọn òṣìṣẹ́ sí ọ̀wọ́ méjì, kí ẹni tó ṣòru òní lè sùn lọ́la; kí iṣẹ́ bébà gígé sì dúró di ojúmọmọ. Oníbàárà á kùn díẹ̀, á sì padà wá gba iṣẹ́ rẹ̀.