Ẹ Má Fi Ọ̀fọ̀ Dá Ìyá Àgbà Lẹ́jọ́



Àwọn baba wa a máa sọ pé ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Àdúrà ló yẹ kí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ti sọ ọ́ di ìdájọ́. Bí ìyá arúgbó kan bá sin ọmọ kan, wọn a bá a kẹ́dùn. Bí ó bá sin èkejì, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí fura sí i. Bí ó bá wá sin ẹ̀kẹta, tí òun fúnra rẹ̀ sì ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, wọn a ní ẹ̀mí àwọn ọmọ ló fi ń kún tirẹ̀. Ó dùn wá pé a ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn tí ń pe orúkọ Jésù. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ rán yín létí ìyá kan tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀.

Ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 1915 ni a bí Màmá H.I.D. Awólọ́wọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́-Rẹ́mọ. Wọ́n fẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1937, Ọlọ́run sì fi ọmọ márùn-ún ta wọ́n lọ́rẹ. Nígbà tí ọkọ wọn lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1944, Màmá dúró ti àwọn ọmọ, wọ́n sì ń ṣòwò láti gbọ́ bùkátà ilé.

Ọdún 1963 ni ìjì líle dé. Ọkọ wọn ń jẹ́jọ́ lórí ẹ̀sùn pé ó fẹ́ dojú ìjọba bolẹ̀. Ní oṣù Keje, Ṣẹ́gun, ọmọkùnrin wọn tó jẹ́ amòfin, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án, ilé ẹjọ́ rán ọkọ wọn lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Oṣù méjì péré ló wà láàárín ọ̀fọ̀ àti ẹ̀wọ̀n! Ọdún 1966 ni bàbá tó jáde. Ní gbogbo àkókò náà, Màmá sọkún, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ilé náà tú. Ní ọdún 1963 yẹn kan náà, a bí ọmọkùnrin kan fún Ṣẹ́gun lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ọmọ náà dàgbà, ó sì di amòfin bí bàbá rẹ̀.

Ọkọ wọn kú ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 1987. Ní ọdún 2011, wọ́n pàdánù Ayọ̀délé, ọmọbìnrin wọn. Ní ọdún 2013, Olúwọlé náà tún lọ. Mẹ́ta nínú ọmọ márùn-ún! Síbẹ̀, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015, Pásítọ̀ Yẹmí Ọṣínbàjò, ọkọ ọmọ Ayọ̀délé, di igbákejì Ààrẹ Nàìjíríà, ó sì ṣojú ẹ̀mí Màmá. Wọ́n sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Ọjọ́ tí wọn ìbá pé 100 ọdún gan-an ni a sin wọ́n.

Ní báyìí, a bi yín léèrè: bí ó bá jẹ́ ìyá aláta kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ló sin ọmọ mẹ́ta, kí ni a ó sọ nípa rẹ̀? Kíákíá ni a ó rántí òwe àjẹ́ tó ké lánàá, tí ọmọ kú lónìí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ a máa dànù. Ẹ̀jẹ̀ ríru a máa pa àgbàlagbà. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde sì lè mú ọmọ ìyá kan náà lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ láti ara bàbá àti ìyá ni ọmọ ti ń jogún rẹ̀.

Ẹ wo Náómì nínú Ìwé Rúùtù. Ó sin ọkọ àti ọmọkùnrin méjì sí Móábù. Òun fúnra rẹ̀ wí pé ayé òun korò. Síbẹ̀, àwọn obìnrin Bẹ́tílẹ́hẹ́mù kò pè é ní àjẹ́. Nígbà tí ó gbé Óbédì sí àyà rẹ̀, wọ́n bá a yọ̀. Óbédì yìí ni bàbá Jésè, tí í ṣe bàbá Dáfídì.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, bí ẹnikẹ́ni bá sọ ìran fún yín pé ìyá yín ló wà nídìí ìṣòro yín, ẹ má ṣe torí rẹ̀ sá fún ìyá yín. Ẹ lọ wò wọ́n. Ẹ bèèrè ohun tí wọ́n jẹ àti bí oògùn wọn ṣe kù sí. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ jókòó tì wọ́n. Ẹni tó sin ọmọ ti ru ẹrù tó pọ̀ tó. Ẹ má ṣe di ẹ̀sùn lé e lórí.

Kí Olúwa tu gbogbo ìyá tí ń ṣọ̀fọ̀ láàárín wa nínú, kí ó sì fi ayọ̀ ọmọ-ọmọ rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Àmín.