Ẹni Tó Bá Fẹ́ Rẹ Ìdí Báṣé Sílẹ̀

Kò sí ẹni tó ń ná ọjà Kétu tàbí ti Ṣábẹ̀ẹ́ tí kò mọ Peugeot 504 tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní báṣé. Ọdún 1979 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Faransé. Iṣu, àgbàdo, igi ìdáná, ewúrẹ́ àti ènìyàn: kí ni kò tíì gbé rí? Bí ó bá ṣófo, ìdí rẹ̀ a ga sókè bí ìdí tata tó fẹ́ fò. Bí wọ́n bá di ẹrù sí i, ìdí a wálẹ̀, ọkọ̀ a sì tẹ́jú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn tó ṣe é fẹ́ kí ó rí.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti darúgbó báyìí. Bí ẹnì kan bá fẹ́ sọ irú arúgbó bẹ́ẹ̀ di ọkọ̀ afẹ́, tí ó kùn ún lọ́dà, tí ó sì rẹ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ bí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń ṣe sí Chevrolet àtijọ́, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bá a jà nítorí ẹwà. Ọkọ̀ tó sún mọ́ ilẹ̀ dára lójú lóòótọ́. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló yẹ kí ó kọ́kọ́ wò.

Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò lé ara wọn ló gbé ìdí báṣé ró. Àwọn ni sípíríǹgì rẹ̀. Atọ́kọ̀ṣe tó mọṣẹ́ yóò wá sípíríǹgì mìíràn tí kò tẹ̀ kọrọdọ tó ti àkọ́kọ́. Èyí tí kò mọṣẹ́ yóò fi iná jó èyí tó wà níbẹ̀ títí yóò fi pọ́n, tí yóò sì rọ̀ wálẹ̀. Iṣẹ́ náà yá, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n bi alágbẹ̀dẹ tó wà ní abúlé léèrè: àdá tí iná bá tún jó lẹ́yìn tí wọ́n ti rì í sómi, ṣé ó tún ń mú? Irin tí iná ti gba agbára rẹ̀ yóò máa tẹ̀ sí i ni, tàbí kí ó kán lójú ọ̀nà.

Síbẹ̀, ti sípíríǹgì kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìjánu, èyí tí awakọ̀ ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè dúró. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, ohun èlò kan wà nítòsí táyà ẹ̀yìn tó ń pín agbára ìjánu. Bí ìdí ọkọ̀ bá wálẹ̀, yóò gbà pé ẹrù pọ̀, yóò sì jẹ́ kí ìjánu ẹ̀yìn le. Bí ìdí bá ga, yóò gbà pé ọkọ̀ ṣófo, yóò sì dín in kù, kí táyà ẹ̀yìn má baà dúró gan-an kí ó sì máa yọ̀. Ohun èlò yìí kò lójú. Gíga ìdí ọkọ̀ nìkan ló fi ń mọ̀.

Ẹni tó bá wá rẹ ìdí ọkọ̀ sílẹ̀ láìtún un ṣe ti parọ́ fún un. Ọkọ̀ ṣófo, ohun èlò gbà pé ẹrù wà níbẹ̀. Òjò rọ̀, ewúrẹ́ já sọ́nà, awakọ̀ tẹ ìjánu: táyà ẹ̀yìn dúró lójijì, ìdí ọkọ̀ sì fẹ́ ṣíwájú orí. Irọ́ kan náà ni àwọn tó ń fi irin kún sípíríǹgì kí ọkọ̀ lè gbé àgbéjù ń pa, àfi pé tiwọn dojú kọ òdìkejì. Ẹrù kún dẹ́nu, ìdí ṣì ga, ohun èlò gbà pé òfìfo ni, ìjánu ẹ̀yìn kò sì lágbára mọ́ nígbà tí wọ́n nílò rẹ̀ jù. Àwọn wọ̀nyí kò tilẹ̀ ní ẹwà tí wọ́n lè fi ṣe àwáwí.

Amẹ́ríkà tí wọ́n ń wò ṣe àwòkọ́ṣe pàápàá kò fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Kalifóníà, òfin kan wà láti ọdún 1958 títí di ìparí ọdún 2023 pé ohunkóhun lára ọkọ̀ tí wọ́n bá rẹ̀ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ relẹ̀ ju ìsàlẹ̀ irin tí táyà wọ̀ lọ, nítorí bí táyà bá bẹ́, ara ọkọ̀ ni yóò máa ha ilẹ̀. Àwọn ọlọ́gbọ́n wá ọgbọ́n sí i: ní ọdún 1959, Ron Aguirre fi ẹ̀rọ tó ń fi òróró ti ọkọ̀ sókè sínú tirẹ̀, kí ó lè gbé e ga bí ọlọ́pàá bá yọ. Òun àti irú rẹ̀, afẹ́ ni wọ́n ń fi ọkọ̀ ṣe. Kò sí àpò iṣu lẹ́yìn wọn.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ báṣé ti yàtọ̀. Ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ ti relẹ̀ kò ní àyè tí yóò fi rìn mọ́ bí ẹrù bá dé orí rẹ̀. Ní kòtò àkọ́kọ́, irin táyà yóò lu abẹ́ ọkọ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí atọ́kọ̀ṣe má ṣe dá kọ́kọ́rọ́ padà fún olówó rẹ̀ títí yóò fi tún ohun èlò ìjánu náà tò. Ó yẹ kí àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò bẹ̀rẹ̀ wo ìdí rẹ̀, kí wọ́n má kàn tan iná iwájú kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀.

Báṣé kì í sábà gbẹ̀yìn sọ́wọ́ ẹnì kan. Ẹni tó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lónìí lè tà á fún oníṣu lọ́dún tó ń bọ̀, oníṣu yóò sì di ẹrù lé e, àwọn obìnrin ọlọ́jà yóò sì jókòó sórí ẹrù náà. Kí ó sọ ohun tó ṣe sí i fún oníṣu náà kí ó tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.