Abẹ́rẹ́ Fún Ojú Tó Ń Hunjọ: Ẹ Wo Ọwọ́ Tó Mú Un Kí Ẹ Tó Wo Orúkọ Rẹ̀

Láti ìgbà tí a ti ṣe ètò lórí awọ ara, ìbéèrè kan náà ló ń wọlé sí wa ṣáá: “Ojú mi ti ń hunjọ. Ṣé Botox ni kí n gbà ni, àbí filler?” Níbí ní Lanham tí mò ń gbé, mo máa ń gbọ́ ọ níbi ìsọmọlórúkọ àti ní ṣọ́ọ̀bù onírun. Kódà, àǹtí mi kan tó fẹ́ ṣe ọjọ́ìbí ọgọ́ta ọdún sọ fún mi pé ẹnì kan máa wá sílé wá fún òun àtàwọn ọ̀rẹ́ òun ní abẹ́rẹ́ náà, ní owó pọ́ọ́kú. Ọ̀rọ̀ “wá sílé” yẹn ló jẹ́ kí n kọ èyí.

Èrò tèmi ni pé ìbéèrè yẹn dáa, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ìhunjọ tó wà lójú yín, kí ẹ wá mọ ọwọ́ tó máa fún yín lábẹ́rẹ́ àti ohun tó wà nínú ìgò rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni orúkọ oògùn.

Ẹ dúró níwájú dígí, kí ẹ fajú ro. Tí ilà tó yọ lókè imú bá pòórá nígbà tí ẹ tújú ká, iṣan ló ń fà á. Iṣẹ́ Botox nìyẹn. Májèlé tí kòkòrò Clostridium botulinum ń ṣe ni, tí wọ́n sọ di mímọ́, tí wọ́n sì ń lò ní ìwọ̀n bíńtín. Ó máa ń dí ẹnu okùn tí ọpọlọ fi ń rán àṣẹ sí iṣan, iṣan á wá sinmi. Ó lè gba ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó hàn dáadáa, agbára rẹ̀ á sì lọ lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Àìsàn ojú ni FDA kọ́kọ́ fọwọ́ sí i fún lọ́dún 1989, kó tó di ti ẹwà lọ́dún 2002.

Àmọ́ tí ilà náà bá wà níbẹ̀ yálà ẹ rẹ́rìn-ín tàbí ẹ ò rín, irú èyí tó ti ẹ̀gbẹ́ imú wá sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ohun tó gbé awọ ró lábẹ́ ló ti dín kù. Filler ló ń dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ti hyaluronic acid, bíi Restylane tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2003. Ara wa fúnra rẹ̀ máa ń ṣe hyaluronic acid, ó sì ń fa omi mọ́ra bí gàrí. Tí wọ́n bá fi í síbi tí kò yẹ, oògùn kan wà, hyaluronidase, tó lè tú u. Radiesse àti Sculptra ò ní irú oògùn bẹ́ẹ̀. Ewu filler tó burú jù ni kó wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀: awọ ibẹ̀ lè kú, ojú sì lè fọ́. Kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, àmọ́ tó bá ṣẹlẹ̀, kò sí àkókò láti fi ṣòfò.

Ẹ̀yin tó ń fi owó wé owó náà, ẹ fara balẹ̀. Botox nìkan kọ́ ló wà. Dysport dé lọ́dún 2009, Jeuveau lọ́dún 2019, Daxxify lọ́dún 2022. Ìwọ̀n wọn ò dọ́gba. Fún ilà òkè imú yẹn, 20 units ni ti Botox, 50 units ni ti Dysport. Ẹni tó ní “unit tèmi wọ́n kéré” lè má tíì sọ nǹkan kan fún yín.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, CDC àti FDA kìlọ̀ nípa Botox ayédèrú. Èèyàn 22 ní ìpínlẹ̀ 11 ló ṣàìsàn lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tí àwọn tí kò gbàṣẹ tàbí tí kò kọ́ṣẹ́ fún wọn, tàbí tí wọ́n gbà nínú ilé àti ní spa. Mọ́kànlá nínú wọn dèrò ilé ìwòsàn. Páálí ayédèrú kan kọ 150 units sára, bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Botox kì í ṣe ìwọ̀n 150 rárá. Maryland ò sí lára àwọn ìpínlẹ̀ náà, àmọ́ New Jersey àti New York wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí ọjà ṣe ń rìn lójú ọ̀nà I-95.

Ọ̀rọ̀ awọ tiwa tún wà ńbẹ̀. Àwọ̀ dúdú ń dín ìpalára oòrùn kù, ìdí nìyẹn tí ojú wa kì í fi í tètè hunjọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí àpá rẹ̀ máa ń wú sókè gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí abẹ́rẹ́ tó kàn án, torí ojú abẹ́rẹ́ náà lè wú. Ìpara ìbóra tó ní steroid sì ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kí lèrè kéèyàn máa fi ìpara ba ojú jẹ́ láàárọ̀, kó wá máa fi abẹ́rẹ́ tún un ṣe nírọ̀lẹ́? Ìpara tó ń dáàbò bo ojú lọ́wọ́ oòrùn ò wọ́n tó abẹ́rẹ́ kan.

Àwọn kan á ní kí làgbàlagbà ń fẹ́ fi ojú jọ̀jọ̀ ṣe. Mi ò sí lára wọn. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Owó yín ni, ojú yín ni. Ohun tí mo lòdì sí ni kí a gba iṣẹ́ ìṣègùn lọ́wọ́ ẹni tí a ò ní lè rí bá wí lọ́la.

Nítorí náà, ẹ yẹ ìwé àṣẹ dókítà wò lórí ìkànnì Maryland Board of Physicians. Ti nọ́ọ̀sì wà lọ́dọ̀ Board of Nursing. Ẹ ní kó fi páálí àti ìgò hàn yín kó tó ṣí i. Tó bá jẹ́ filler, ẹ bi í bóyá hyaluronidase wà nítòsí. Lẹ́yìn Botox, tí ẹ bá ń rí nǹkan ní méjì-méjì, tí itọ́ ò ṣeé gbé mì, tàbí tí mímí bá nira, ẹ pe 911, ẹ má dúró de ẹni tó fún yín lábẹ́rẹ́. Ẹni tó bá sì bínú torí irú ìbéèrè wọ̀nyí, ẹ kí i pé ó dàbọ̀, kí ẹ gbé báàgì yín.