INÁ TÍ A PA TÍ KÒ KÚ

Ẹ̀yin ìjòyè ọlọ́lá àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú wa, a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Iná tí ojú rí ni àwọn baba wa fi òwe yìí kìlọ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n iná mìíràn wà nínú ilé wa lónìí tí ojú kò rí, tí a sì ń sùn tì í láìfòyà. Iná mànàmáná ni. A lè pa á, kí ó má sì kú.

Ìwà rẹ̀ kìíní ni pé kì í rin ọ̀nà tí kò ní àbọ̀. Bí ó bá ti inú bátìrì gba ojú wáyà kan lọ sí gílóòbù, dandan ni kí ó gba ojú wáyà kejì padà. Bí a bá gé ọ̀nà náà níbì kan, ìrìn dúró. Iṣẹ́ súìṣì kò ju èyí lọ.

Ìwà kejì ni pé ó ṣeé kó pamọ́. Ewald von Kleist ní Prussia ní 1745, àti Pieter van Musschenbroek ní Leiden ní 1746, rí i pé ìgò lè gba agbára yìí dúró. Ní 1746 kan náà, Jean-Antoine Nollet mú kí 180 ọmọ ogun di ara wọn lọ́wọ́ mú níwájú Ọba Louis Kẹẹ̀ẹ́dógún ti ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí ọ̀nà pé láti ìgò gba ara wọn padà sí ìgò, gbogbo wọn fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

Benjamin Franklin ní Amẹ́ríkà sì fi hàn pé ìgò náà kò rí bí àmù tí a pọn omi kún. Iye tí ó wọ inú ni iye tí ó kúrò ní ẹ̀yìn. Méjèèjì ń fa ara wọn, ara ìgò ni ó là wọ́n. Ní oṣù Kejìlá 1750 ó fẹ́ fi ìgò méjì pa tòlótòló. Òun fúnra rẹ̀ ni agbára náà kọlù, iyè rẹ̀ sì rá fún ìgbà díẹ̀.

Ọmọ ìgò náà ni kàpásítọ̀ inú fáànù, rédíò àti ínfátà wa. Bí a tilẹ̀ yọ wáyà kúrò lára ògiri, ohun tí ó kó pamọ́ lè wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ti inú ẹ̀rọ máíkírówéèfù lè ju 2,000 fólítì lọ. Ó lè pa ènìyàn.

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí, èdè Yorùbá ni wọ́n sì ń gbọ́ níbẹ̀. Bí a bá fi ibi tí wáyà ń lọ hàn wọ́n láìsọ ìdí rẹ̀, ọwọ́ nìkan ni a kọ́. Kò sì sí ohun kan nínú ọ̀rọ̀ yìí tí èdè wa kò lè sọ.

Nítorí náà ni a ṣe ń wí pé, kí ọmọ iṣẹ́ kan tó gba òmìnira, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé ìdí tí a fi ń yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná, tí a ń fi rẹ̀sísítọ̀ fa kàpásítọ̀ gbẹ, tí a sì ń fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò, kí ọwọ́ tó kàn án. Ẹ̀yin tí a ń pè jókòó níbi ayẹyẹ òmìnira náà, ẹ bi í léèrè kí ẹ tó súre fún un. Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́.