Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde

Ọmọ tó bá fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè ọ̀rọ̀ ọ̀la, tó ní "You will come tomorrow?", kì í ṣe olódo. Èdè ìyá rẹ̀ ló ń tọ̀. Ní Yorùbá, "Ẹ ó wá lọ́la" ni ọ̀rọ̀. Bí a bá ti fi "ṣé" ṣíwájú rẹ̀, ó di ìbéèrè. "Ó" kò kúrò níbi tó wà. Gẹ̀ẹ́sì kò ní "ṣé". "Will" fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ bọ́ síwájú: "Will you come tomorrow?"

Olùkọ́ tó bá fi Yorùbá ṣàlàyé èyí, kíá ni yóò yé ọmọ. Ẹgba kò lè ṣàlàyé rẹ̀.

Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ifẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, lóṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ wọ́gi lé ètò fífi èdè abínibí kọ́ ọmọ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ bá wa bi wọ́n: ṣé ọmọ tí wọn kò fi èdè tó gbọ́ kọ́ yóò gbọ́ èyí tí kò gbọ́?