Ẹ̀rọ Tó Bá Ní Àṣìṣe Wà, Kó Sọ Ọ̀dọ̀ Ẹni Tó Wà

Gbogbo wa la ti rí nọ́ńbà 404 tàbí 500 rí lójú fóònù. Ọ̀pọ̀ nínú wa á kàn ní "réseau ti lọ", á sì gbé fóònù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà wọ̀nyẹn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tó wá ń lo ọ̀kan ní ipò èkejì, ìyà ló fi ń jẹ ẹlòmíì. Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá lónìí nìyẹn.

HTTP ni òfin tí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì fi ń dáhùn ìbéèrè. Ìwé òfin náà tó wà lóde báyìí, RFC 9110, jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2022. Ó pín àṣìṣe sí ìdílé méjì. Èyí tó bá fi 4 bẹ̀rẹ̀ ń wí pé: ìwọ tó béèrè, tún ìbéèrè rẹ wò. Èyí tó bá fi 5 bẹ̀rẹ̀ ń wí pé: ọ̀dọ̀ èmi ẹ̀rọ ni ìṣòro wà. 404 ni pé ohun tí o ń wá kò sí níbí. 405 ni pé ohun náà wà, àmọ́ a kì í ṣe é báyẹn. 401 ni pé mi ò tíì mọ ẹni tí o jẹ́. 403 ni pé o ò láṣẹ. 500 ni pé nǹkan bàjẹ́ nínú mi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù ni inú àwọn serveur, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí báńkì, ilé ìwòsàn àti ìjọba ń kó iṣẹ́ wọn sí. Nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà kékeré kan máa ń wà tí wọ́n ń pè ní BMC. Iṣẹ́ ọdẹ ló ń ṣe. Bí ẹ̀rọ ńlá bá tiẹ̀ ti kú, níwọ̀n ìgbà tí iná bá ṣì ń wọlé, BMC ń ṣọ́nà. Ó ń wo bí ara ẹ̀rọ ṣe gbóná tó, ó ń wo fáànù, ó sì lè tan ẹ̀rọ ńlá náà tàbí kó pa á. Ẹni tó ń bójú tó o lè wà ní ìlú mìíràn, kó máa bá a sọ̀rọ̀ láti ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì. Ètò kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ni OpenBMC, tó bọ́ sábẹ́ Linux Foundation ní ọdún 2018. Apá rẹ̀ tó ń dáhùn ìbéèrè ń jẹ́ bmcweb, ó sì ń tẹ̀lé ìlànà Redfish tí ẹgbẹ́ DMTF gbé jáde ní ọdún 2015.

Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ kan. Fáànù mẹ́fà ló wà nínú ẹ̀rọ, ẹnì kan wá béèrè ipò fáànù keje. Ìdáhùn òótọ́ ni 404: kò sí fáànù keje. Ṣùgbọ́n ètò tó gba ìbéèrè náà ní láti bi ètò mìíràn nínú BMC, ìyẹn á sì fèsì pé òun ò mọ nǹkan náà. Bí ẹni tó kọ ètò bá ti ka gbogbo èsì àìdára sí ìbàjẹ́, 500 ló máa jáde. Ẹni tó wà lọ́nà jíjìn á wá rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Ó lè pa á kó tún un tàn, nígbà tí iṣẹ́ àwọn èèyàn wà lórí rẹ̀. Ó lè gbé mọ́tò lọ wò ó. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ò ṣe nǹkan kan. Àtúnṣe rẹ̀ kò sì ju ìlà bíi mélòó kan lọ: bí èsì bá jẹ́ pé nǹkan náà kò sí, fún un ní 404.

Àwọn tó ń kọ bmcweb fúnra wọn fi èyí sínú ìwé àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tí wọ́n kọ fún àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́: 500 kò lè dípò 404. Wọ́n ní àwọn ètò tó ń yẹ ààbò ẹ̀rọ wò máa ń fi ìbéèrè játijàti dán ẹ̀rọ wò. Bí wọ́n bá gba 500, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ bí àléébù, ènìyàn á sì tún fi àkókò wádìí ohun tí kì í ṣe nǹkan.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ ààbò ni kò jẹ́ kó dára kí ẹ̀rọ sọ gbogbo ohun tó mọ̀. Òótọ́ ni. Bí ọ̀rọ̀ ìwọlé bá ṣì, kò yẹ kí ẹ̀rọ sọ bóyá orúkọ ni kò tọ̀nà tàbí ọ̀rọ̀ àṣírí. RFC 9110 pàápàá gbà kí ẹ̀rọ dáhùn 404 dípò 403 nígbà tó bá fẹ́ fi ohun kan pamọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kéèyàn pa àṣírí mọ́, ọ̀tọ̀ ni kó ní òun ń ṣàìsàn nígbà tí ara rẹ̀ le. Àwọn mìíràn á ní bí a bá yí nọ́ńbà padà, ètò àtijọ́ tó ti mọ́ 500 lára á dàrú. Ìyẹn náà lè ṣẹlẹ̀. Ẹ kéde rẹ̀ ṣáájú, kí ẹ sì tún un ṣe. Bó bá ti pẹ́ tó ni àwọn tó ń gbẹ́kẹ̀ lé irọ́ náà á ti pọ̀ tó.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe. Ọmọ tí a bá fi bírò pupa kọ "faux" sí iwájú ìṣirò rẹ̀, láì fi ìlà tó ti ṣìnà hàn án, ohun tó mọ̀ kò ju pé òun kùnà. Ìdí nìyẹn tí ìlànà Redfish fi wù mí. Yàtọ̀ sí nọ́ńbà, ó fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tó ṣàlàyé àṣìṣe, àti àyè mìíràn tí wọ́n pè ní Resolution, tó ń sọ ohun tí ènìyàn lè ṣe sí i.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń kọ́ informatique ní Kútọnu, Lomé àti Àjàṣẹ́, ẹ̀yin ni mò ń bá wí jù. Lọ́la, ẹ̀yin lẹ ó kọ ètò tí ìyá olóúnjẹ á fi gbowó, tí àgbẹ̀ á fi mọ iye àgbàdo. Ẹ má ṣe jẹ́ kí "Erreur" lásán jáde lójú fóònù wọn. Ẹ sọ bóyá ọ̀dọ̀ wọn ni tàbí ọ̀dọ̀ yín, kí ẹ sì sọ ohun tó kàn. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó bi léèrè bá purọ́ fún un ńkọ́?

Ẹ wí tiyín, mò ń kà á. Ire o.